Akika Mẹ́jọ, Apá Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kejì, 2024. Ayétòrò.

Dókítà Ọláoyè fọwọ́ sí àkọlé mi lónìí. Ó ní, "Madam, èyí ni ìkẹta. Kò ní sí ìkẹrin." Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, èmi ni mo sì ń pè é ní sà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fọ ìgò ní láàbù wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí ní Àǹtí Láàbù, Másítà tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ọdún méjì ṣe sì ti gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Ẹja ni mo kọ́kọ́ ṣe, odò gbẹ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ òkété, ọ̀gá tó ń bójú tó mi kó lọ sí Kánádà, kò sì dáhùn ìmeèlì kankan mọ́.

Àkọlé tuntun: àfiwé ìsọ̀rí àti ipò ewu akika àti igi apá nínú igbó Ìjoun. Kí ló pa ẹranko àti igi pọ̀? Ẹ̀ṣọ́ ló pa wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Abẹ́òkúta tó ń dáàbò bo igbó lè gba ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo sí Ìjoun fún ọdún méjì, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù nínú méjèèjì kí wọ́n lè fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó lọ gbàdúrà. Dókítà ní òun fẹ́ akika mẹ́jọ, ó kéré tán, àti igi apá ọgbọ̀n, kí oṣù Kẹrin tó parí. "Tí kò bá pé mẹ́jọ, kì í ṣe ìwádìí mọ́, àlọ́ ni. Wọ́n á sì yọ orúkọ yín kúrò."

Mi ò tíì rí akika láàyè rí. Fọ́tò ni mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kejì. Ìjoun.

Ọ̀kadà láti Ayétòrò, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Eruku ọ̀fẹ́ ni. Mo wọ̀ sílé Bàbá Ọ̀ṣunníyì, olórí àwọn ọdẹ ìlú náà, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ojú rẹ̀ ṣì mú ju tèmi lọ. Ọmọ rẹ̀ Kòkúmọ́ náà ń ṣọdẹ. Toheebat, ìyàwó Kòkúmọ́, ló fún mi ní yàrá, ó sì ti pọn omi dè mí kí n tó béèrè.

Kí ìpàdé àwọn ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àṣìkẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ níwájú ọdẹ nígbà tí wọ́n bá ń múra àtiwọ igbó ẹ̀ẹ̀rùn. 'Ẹ má pa' ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti ti ilẹ̀kùn igbó mọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa lọ́dún yìí, ẹnu rẹ ni wọ́n á ní ó ti wá." Mo ní mo ti gbọ́.

Nínú ìpàdé, mo ṣàlàyé ìsọ̀rí fún wọn. Mo ní akika kì í ṣe alángbá, kì í ṣe ẹja, ó ń fún ọmọ lọ́mú bíi ti ewúrẹ́, ohun tí Ọlọ́run sì fi ṣe èékánná wa náà ló fi ṣe ìpẹ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin kan ní ẹja orí ilẹ̀ lòun mọ̀ ọ́n sí. Bàbá ní ìsọ̀rí tàwọn kò nílò òyìnbó: ẹran mẹ́ta ló wà láyé, èyí tó ń sá, èyí tó ń jà, èyí tó ń ká jọ. Èyí tó ń ká jọ ni kò gbọ́n jù. Bó bá ti rí ọ, á ká, wàá sì gbé e bí ẹni gbé ọmọ ayò. Mo sọ pé igi apá àti ẹ̀wà, ẹbí kan náà ni wọ́n, torí pé inú pódi, èèpo gígùn tó ń là sí méjì, ni hóró àwọn méjèèjì ń gbé. Toheebat tó ń pín omi fún wọn ní, "Àǹtí, ṣé èèyàn lè fi apá se mọ́ín-mọ́ín?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ ohun tí mo bá wá. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹni tó bá ti rí akika, kó jẹ́ kí n mọ̀. Ọjọ́ tó rí i, ibi tó ti rí i. Káàdì fóònù ẹgbẹ̀rún kan ni ti ẹni tó bá rí i." Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi kún un wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kejì.

Apá mẹ́rìndínlógún ní ọjọ́ mẹ́ta. Kòkúmọ́ ń di ìdí téèpù mú, mo ń yí igi po. Ẹ̀gún ya ṣòkòtò mi. Láyé àtijọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ fi àáké kan apá, torí àwọn ìyá tí wọ́n ní ó ń ṣèpàdé lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ agégi kò bẹ̀rù ìyá ẹnikẹ́ni. Kùkùté tuntun méje ni mo kà lójú ọ̀nà tó lọ sí ààlà, wọ́n ti fi koríko bo àwọn kan bí ẹni bo ìtìjú.

Nínú ìwé pupa àgbáyé, akika ti wọ ewu ìparun. Apá kò tíì débẹ̀, ipele kan ló kù fún un. Ṣùgbọ́n ti àgbáyé nìyẹn. Ti Ìjoun ni wọ́n rán mi.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kejì. Ayétòrò.

Kòkúmọ́ pè mí ní aago méje àárọ̀, mo ń fọ ìgò lọ́wọ́. "Àǹtí, a ti rí ọ̀kan o. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ Alájì." Mo fi káàdì ránṣẹ́ kí n tó nu ọwọ́ mi. Ọ̀kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kejì.

Méjì. Etí odò. Gàrí ti di ẹgbẹ̀rún méjì dín igba ní kóńgò kan, kò sí ohun tó kàn mí.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta.

Márùn-ún! Mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo mú un lọ bá Dókítà Ọláoyè, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ẹ̀n-ẹ́n? Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ o." Kò pè mí ní madam. Mo ra ẹja èpìyà méjì bọ̀ wálé, mo sì jẹ méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹta. Ìjoun.



Mo wá láti parí kíka apá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá ní kí Kòkúmọ́ lọ gbé tèmi jáde. Àpò ìrẹsì kékeré kan ló gbé wá, ó dà á sórí ẹní. Ìrù akika márùn-ún. Wọ́n ti fi iyọ̀ àti eérú pa wọ́n, wọ́n ti fi èéfín gbẹ wọ́n, wọn ò rùn. Wọ́n so òwú mọ́ ìkọ̀ọ̀kan, bébà kékeré wà nídìí òwú náà pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi, torí mo ní mo fẹ́ mọ ọjọ́ àti ibi. Toheebat ló kọ ọ́. Ìwé rẹ̀ dára, ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ odò.

Mo bi wọ́n pé kí lèyí. Kòkúmọ́ wò mí. "Àǹtí, ṣebí ẹ ní ká jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀?"

Bàbá ló ṣàlàyé fún mi, sùúrù kún ohùn rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ọdẹ kì í fi ẹnu lásán sọ pé òun rí ẹran. Ẹni tó bá rí i, ìrù ni yóò mú wá. Ẹni tó bá ní òun rí i tí kò mú ìrù wá, irọ́ ló ń pa, wọn ò sì ní bá a mu ẹmu títí ọdún á fi yí po. "Àwọn ẹlòmíràn nínú wọn ì bá parọ́ gba káàdì," ó ní. "Mo ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ìwé ni ọmọ yìí fẹ́ kọ, a ò gbọdọ̀ purọ́ sínú ìwé rẹ̀."

Mo béèrè ohun tí wọ́n fi ẹran náà ṣe. Toheebat ní wọ́n jẹ ẹ́, pé wọ́n tilẹ̀ fi díẹ̀ pamọ́ fún mi, òun ló wà nínú ọbẹ̀ tí mo jẹ lọ́sàn-án.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo bì, mo bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Wọn ò ṣe mí ní ibi kankan. Ìyẹn ló ń pa mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta. Ayétòrò.

Mo sọ ọ́ fún Dókítà. Mo rò pé yóò bínú, mo tilẹ̀ ń retí pé kó bínú.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n?"

"Rárá, sà."

"Ṣé wọ́n wà nínú igbó yẹn àbí wọn ò sí níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà. Wọn ò sí mọ́ báyìí."

Ó ní gbogbo ìwádìí ló ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, pé kò sí ẹni tó máa bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Kí n kọ pé a ṣe àkọsílẹ̀ wọn. Ó ní, "Ó ku mẹ́ta, madam. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù." Ó wá bi mí bóyá mo ti fọ àwọn ìgò ti yàrá kejì, torí àwọn ọmọ ọdún kejì ní iṣẹ́ lọ́la.

Mi ò tíì fọ̀ wọ́n. Mo lọ fọ̀ wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta.

Mo ti pinnu. Màá lọ bá Bàbá lọ́jọ́ Sátidé, màá sọ fún un pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ẹran márùn-ún ti tó. Bí wọ́n bá yọ orúkọ mi, kí wọ́n yọ ọ́. Mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí mo ti rí àpò yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù Kẹta. Ìjoun.

Èmi àti Bàbá nìkan la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Kò sí ọdẹ kankan nítòsí, èèwọ̀ kankan kò dè mí lẹ́nu. Ó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ajá rẹ̀. Ó ní, "Ìwé ńkọ́? Ó ku mélòó?"

Mo ní, "Ó ku mẹ́ta, Bàbá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Ó ní kí n má ṣèyọnu, àwọn á wá a. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí bàbá ẹni bá ní òun á wá owó ilé-ìwé.

Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní Másítà kí n tó pé ọmọ ọdún méjìlélógójì. Mo fẹ́ jáde nínú láàbù yẹn kí ọṣẹ tó jẹ ọwọ́ mi tán. Mo fẹ́ kí Ọláoyè yéé pè mí ní madam bí ẹni ń pe ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ìyẹn ni mo fi ẹran mẹ́ta rà. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà lọ máa sọ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹta. Ayétòrò.

Ẹkẹfà. Kòkúmọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn fi wá a, pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí, ó gbé páànù kan lọ lórí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 oṣù Kẹta. Ìjoun.

Wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Abo ni wọ́n mú wá lọ́tẹ̀ yìí, òkú, ọmọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìrù rẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ìpẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan, mo ti kọ ìyẹn sí ojú ewé kẹtàlélógún.

Kòkúmọ́ ti gbé ọ̀bẹ láti gé ìrù ìyá, ọmọ ò sì fẹ́ jẹ́ kí ìrù náà lọ. Wọ́n tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó já a kúrò.

"Méje, mẹ́jọ," ni Bàbá sọ, ó fi ìka kà á fún mi. "Ìwé rẹ pé." Gbogbo wọn ń wo ojú mi bóyá inú mi á dùn. Mo rẹ́rìn-ín fún wọn. Mo rò pé n kò ní gbàgbé ẹ̀rín yẹn títí n ó fi kú.

Toheebat wà nínú ààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ, síbẹ̀ ó bá mi gbẹ́ ilé ikán lẹ́yìn ilé bóyá ọmọ náà á jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́. A fi òwú bọ mílíìkì fún un, ó fà á díẹ̀. Mo ń wá orúkọ tí mo máa sọ ọ́. Toheebat ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹrin. Ayétòrò.

Ọmọ akika tí mo gbé bọ̀ kú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nínú páálí ìgò láàbù. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹkẹjọ kó tó kú. Mi ò nílò láti yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹrin.

Ìkọ̀wé, ìkọ̀wé. Ooru ò jẹ́ kéèyàn mí, iná kò dé láti ọjọ́ Àìkú. Orí kẹrin: "A ṣe àkọsílẹ̀ akika mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní. Àpá ẹ̀jẹ̀ kankan kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí mo gbé mẹ́jọ lé ìlà kan àti kùkùté méje lé ìlà kejì, ìṣirò fúnra rẹ̀ sọ pé apá ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan náà ló sọ.

Ẹran tí wọ́n rí tó bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà kúkúrú, ó pọ̀ nìyẹn. Òkú kò sí nínú ìṣirò.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kẹrin.

Dókítà dá orí karùn-ún padà. Àbá mẹ́rin kéré lójú rẹ̀, ó fẹ́ márùn-ún. Mo wo àwọn fọ́tò igi. Mọ́kànlá nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo kà ló ní ihò, omi òjò á sì máa wọ inú wọn. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi kọ ọ́: kí wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì dí àwọn ihò náà, kí inú igi má baà jẹrà. Mo lọ jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Kẹrin.

Mo ti kó ìwé ìwádìí mi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀dà mẹ́rin, páálí aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà góòlù. Orúkọ mi gùn jù fún ẹ̀yìn ìwé, wọ́n gé e.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Karùn-ún.

Wọ́n dán mi wò lónìí. Èèyàn márùn-ún níwájú mi, ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá láti ibòmíràn, obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀, fi ìka lé ojú ewé kan.

"Mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ akika bí ogún ọdún, mi ò tíì rí irú èyí. Báwo lẹ ṣe rí wọn?"

Mo ní àwọn ọdẹ ìlú ló ràn mí lọ́wọ́. Irọ́ kọ́ ni.

"Lójú yín, ṣé wọ́n ṣì pọ̀ níbẹ̀?"

Dókítà Ọláoyè ń wo aago ògiri. Ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn gbé bírò dúró. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹ̀ṣọ́ á lọ bá akika tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á sì yọ orúkọ mi. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ṣì pọ̀."

Bírò kọ nǹkan sílẹ̀. Obìnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí ojú ewé mìíràn. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n ní mo yege. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ti ra míìtì páì àti kóòkì sílẹ̀, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀. Dókítà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú oríire, Ìyáàfin Àṣìkẹ́." Ó dùn mọ́ mi. Ẹ gbọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Karùn-ún.

Lẹ́tà láti Abẹ́òkúta. Apá ló ni ẹ̀ṣọ́. Kòkúmọ́ ni wọ́n gbà sí i, èmi ni mo dábàá orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí owó ọdún yìí má baà padà síbi tó ti wá: wọ́n á fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára igi, wọ́n á tẹ̀lé gbogbo àbá inú ìwé mi. Olùyẹ̀wò á wá lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e láti fọwọ́ sí i, wọ́n fẹ́ kí n wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Karùn-ún. Ìjoun.

Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Olùyẹ̀wò ń bọ̀ ní aago méjì. Kòkúmọ́ ti wọ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ tuntun, ó gùn jù ú lọ, ó ti dúró sójú títì ní ìmúra. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá láti Abẹ́òkúta ti parí iṣẹ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti lọ.

Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kétu lánàá ni, ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbi òkú àna rẹ̀. Bó ti rí mi ló di ọwọ́ mi mú. "Wá. Mo ní nǹkan fún ọ. Ẹ̀bùn ìwé tí o gbà."

A wọ igbó. Ó ń sọ̀rọ̀ bí a ti ń lọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ṣé mo rántí ìyá àti ọmọ ọjọ́sí? Kétu ni wọ́n ti rà wọ́n. "Igbó tiwa ti gbẹ nígbà tí a rí ẹkẹfà. Mo ní kí Kòkúmọ́ kọjá sí òdìkejì ààlà, ìwé ọmọ yìí kò gbọdọ̀ ku méjì." Lẹ́yìn náà ni òun rí ọ̀kan lójú ara òun, ọ̀kan ṣoṣo tó kù, ó ń gun igi apá etí odò, ó wọ inú ihò rẹ̀ lọ. "Mi ò sọ fún Kòkúmọ́ pàápàá. Ọdẹ ni, ọwọ́ á máa yún un. Mo ní èyí kì í ṣe ti ìwé. Àṣìkẹ́ kò tíì rí i láàyè rí, òun ni màá fi í hàn."

Mo ti mọ̀ kí a tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ mi kàn ń gbé mi lọ ni.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ọ̀dà funfun. Ihò náà wà ní déédéé àyà mi, wọ́n ti to òkúta sí i, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n tilẹ̀ dán ojú rẹ̀. Bàbá gbé etí lé ara igi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló ní kí wọ́n ṣe èyí?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé."

Ó fi ẹ̀yìn àdá fọ́ ọ, òkúta kan tẹ̀lé òkúta kan. Akika wà lẹ́yìn òkúta tó kẹ́yìn gan-an, ó ti ká jọ. Èékánná ọwọ́ rẹ̀ ti fọ́ dé ìdí, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ wà lára sìmẹ́ǹtì nínú lọ́hùn-ún. Ó fúyẹ́. Mo gbìyànjú láti tú u kí n lè rí ojú rẹ̀, kò tú. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀.

Aago kan ti kọjá. Kòkúmọ́ pè mí lórí fóònù pé olùyẹ̀wò ti kúrò ní Ayétòrò. Mo dúró, mo ń wo ihò náà. Bí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á béèrè ìdí. Bí wọ́n bá béèrè ìdí, wọ́n á béèrè iye. Bí wọ́n bá béèrè iye, wọ́n á pè mí padà.

Ààbọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ wà ní ilé ìdáná Toheebat. Mo sáré lọ bù ú sínú abọ́, mo sáré padà, mo fi omi odò pò ó. Mo gbé akika náà padà síbi tí a ti bá a. Mo to òkúta náà bí mo ṣe rántí pé wọ́n tò ó tẹ́lẹ̀. Bàbá dúró, ó ń wò mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ dán sìmẹ́ǹtì náà, ó mú àdá rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ sílé. Kò dágbére fún mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Kò wẹ̀yìn.

Olùyẹ̀wò dé ní aago méjì kọjá díẹ̀, ọmọlúwàbí ènìyàn, ó bá gbogbo wa sọ̀rọ̀. Ó ka igi, ó pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé ìdí ẹ̀kẹtàdínlógún, ó fi ìka kan ojú ihò náà, ó wo ìka rẹ̀, ó ní èyí ṣì tutù. Mo ní òjò àárọ̀ ló rọ̀ sí i. Ó fọwọ́ sí i.